Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé ẹ̀rín àti orin wọ mọ́tò: ṣé àwa náà ṣì lè ṣe é?

Bí ẹ bá bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe eré orí ìtàgé l'Ékòó sọ̀rọ̀, ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń sọ. Wọ́n á ní eré olórin tó ń pani lẹ́rìn-ín dùn o, ṣùgbọ́n kò ṣe é gbé kúrò l'Ékòó. Ta ló fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì l'Ádó-Èkìtì? Ta ló fẹ́ sanwó mọ́tò fún ogún èèyàn dé Òǹdó? Gbọ̀ngàn dà? Iná dà?

Ìbéèrè gidi ni, n kò fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ní 2013, Bọ́láńlé Austen-Peters gbé Saro jáde. Wakaa tẹ̀lé e ní 2015, ó sì dé London ní 2016. Fela and the Kalakuta Queens bọ́ sórí ìtàgé ní 2017. Àwọn eré wọ̀nyí ti fi hàn pé ọmọ Nàìjíríà ṣì máa ń sanwó wo ijó àti orin lórí ìtàgé. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ó ti wá dà bí ẹni pé ó rọrùn láti gbé eré láti Victoria Island lọ sí London ju láti gbé e lọ sí Ìkàrẹ́ lọ.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọkùnrin kan wà tó gbé eré olórin apanilẹ́rìn-ín káàkiri ilẹ̀ Yorùbá nígbà tí ọ̀nà kò dára tó báyìí, tí kò sí Instagram, tí iná ọba kò tíì dé ọ̀pọ̀ ìlú. Kọ́lá Ògúnmọ́lá lorúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa tó mọ Ògúndé, tó mọ Dúró Ládiípọ̀, tó sì mọ Bàbá Sàlá, kò mọ ìtàn tirẹ̀ dénú. Bẹ́ẹ̀, tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín àti orin ní ojú ọ̀nà ni, òun gan-an ló yẹ ká kọ́kọ́ bi.

Ọdún 1925 ni wọ́n bí i, ní Òkè-Mẹ̀sí, nílẹ̀ Èkìtì. Ìlú Fábùnmi ni, jagunjagun tí orúkọ rẹ̀ kò ṣe é yọ kúrò nínú ogun Èkìtì Parapọ̀. Ṣùgbọ́n ogun kọ́ ni Kọ́láwọlé bá lọ. Iṣẹ́ tíṣà ló ṣe. Ẹ má fojú kékeré wo ìyẹn, nítorí tíṣà ayé ìgbà yẹn ló ń kọ́ ọmọ lórin, òun ló ń ṣètò eré ìparí ọdún, òun náà ló sì máa ń wà nídìí dùùrù tàbí ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó ti fi chọ́ọ̀kì kọ́ ọmọ ogójì ní kíláàsì mọ bí èèyàn ṣe ń gba etí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà.

Èèyàn kan ló ti la ọ̀nà sílẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Hubert Ògúndé, ọmọ Òsósà, ti ṣe eré olórin nípa ọgbà Édẹ́nì fún ìjọ Aládùúrà kan l'Ékòó ní 1944. Nígbà tó rí i pé èrò ń wọ́, ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó sọ eré di iṣẹ́ oòjọ́. Báyìí ni eré tó ti inú ṣọ́ọ̀ṣì jáde ṣe bọ́ sójú títì. Ògúnmọ́lá wà lára àwọn tó rí iná tí Ògúndé tàn, tí wọ́n sì lọ fọn tiwọn. Kò tíì pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn eré ọgbà Édẹ́nì tí òun náà ti ní ẹgbẹ́ alárìnkiri tirẹ̀. Nígbà tó yá, Òṣogbo ló fi ṣe ibùjókòó, ìlú kan náà tí Dúró Ládiípọ̀ àti Oyin Adéjọbí fi ṣe ilé.

Ṣùgbọ́n kò ṣe bí Ògúndé. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹjú mọ́ gan-an nìyẹn. Ògúndé fẹ́ràn ariwo, ó fẹ́ràn ìjà òṣèlú, ó sì máa ń kó ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin oníjó síwájú. Ìjọba fòfin de eré rẹ̀ ní àwọn ìlú kan láyé òyìnbó, nígbà tó sì ṣe Yorùbá Ronú ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lé e kúrò lórí ìtàgé agbègbè náà títí di 1966. Ògúnmọ́lá ní tirẹ̀ wo inú ilé. Ọkọ àti ìyàwó, owó, ọtí, ìwọra, agbéraga tó wá di ẹni yẹ̀yẹ́: ohun tó fi ń pani lẹ́rìn-ín nìwọ̀nyẹn. Kò nílò kí ó bú gómìnà kan kí èrò tó ya bò ó.

Ẹ mú Ìfẹ́ Owó, ọ̀kan nínú àwọn eré rẹ̀ tó lókìkí. Ọkùnrin kan wà tí ilé rẹ̀ tòrò. Obìnrin mìíràn wọlé dé, ojú ọkùnrin náà fọ́, ìyàwó àkọ́fẹ́ kó ẹrù rẹ̀ lọ, ìgbẹ̀yìn sì wá di ìgbẹ̀yìn olówó tó sọ owó nù. Ta ni kò mọ irú ilé bẹ́ẹ̀ ládùúgbò? Bí wọ́n bá ṣe é ní Ìkẹ́rẹ́, wọ́n á rò pé ará Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n ń sọ. Bí wọ́n bá ṣe é ní Iléṣà, àwọn ará Iléṣà á máa fi ìgúnpá gún ara wọn. Eré tó rí báyìí kò nílò kí wọ́n tún un kọ fún ìlú kọ̀ọ̀kan. Ó bá gbogbo ìlú mu láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ eré tún gbà pé Ògúnmọ́lá mọ ohun kan tó ṣòro fún apanilẹ́rìn-ín púpọ̀: kì í ṣe é jù. Ojú rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ lè sọ gbólóhùn mẹ́ta láìla ẹnu. Ó mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Nínú gbọ̀ngàn tí máíkírófóònù kò sí, tí ìyá tó wà ní ẹ̀yìn kò gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ orin, ara tó ń sọ̀rọ̀ ni olùgbàlà eré.

Ó yẹ ká sọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń rìn, nítorí ibẹ̀ ni owó wà. Ẹgbẹ́ eré alárìnkiri ayé ìgbà náà kì í dúró de ìjọba. Ẹnìkan á ṣáájú lọ sí ìlú tí wọ́n fẹ́ ṣeré, á lọ gba gbọ̀ngàn ìlú, ilé ẹ̀kọ́ tàbí àgbàlá hòtẹ́ẹ̀lì, á lẹ pósítà mọ́ ògiri. Tó bá di ọjọ́ eré, mọ́tò á gbé àwọn onílù àti òṣèré yí ìlú po, wọ́n á máa fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde. Wọ́n ń polówó, wọ́n tún ń fún àwọn èèyàn ní ìtọ́wò ọ̀fẹ́ nìyẹn. Bó bá di alẹ́, ẹni tó ń ja tíkẹ́ẹ̀tì á dúró sẹ́nu ọ̀nà, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì máa ń jẹ́ mọ̀lẹ́bí ọ̀gá, nítorí ẹnu ọ̀nà ni owó ti ń jò.

Eré á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orin àti ijó ìṣíde, kí àwọn tó pẹ́ lè ríbi jókòó. Eré fúnra rẹ̀ á tẹ̀ lé e, orin ìparí tó ní ìkìlọ̀ á sì kádìí rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó di ìlú mìíràn. Àwọn òṣèré tó ń lu ìlù náà ló ń gbé pákó ìtàgé. Obìnrin tó kọrin lálẹ́ àná náà ló ń se oúnjẹ lónìí. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ẹgbẹ́ ló fẹ́ àwọn òṣèrébìnrin wọn níyàwó, Ògúndé ló sì lórúkọ jù nínú ìyẹn, nítorí bí wọ́n bá ti kọ́ ọmọbìnrin níṣẹ́ tán, ẹlòmíràn á fẹ́ ẹ lọ. Ẹ lè pè é ní ìfẹ́. Lójú tèmi, ètò iṣẹ́ náà ni, obìnrin ló sì san jù nínú iye rẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan o. Ní Gánà, àwọn ẹgbẹ́ concert party ń ṣe irú rẹ̀: apanilẹ́rìn-ín mélòó kan, gìtá, orin highlife, wọ́n ń lọ láti ìlú dé abúlé. Akan Trio tí E. K. Nyame dá sílẹ̀ ní 1952 jẹ́ ọ̀kan tó gbayì. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé eré olórin apanilẹ́rìn-ín kò lè rìn ní ìgbèríko, ìtàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò bá a sọ ọ́.

Ìgbà tí ìtàn Ògúnmọ́lá wá yí padà ni ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Yunifásítì Ìbàdàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ilé Ẹ̀kọ́ Eré Oníṣe sílẹ̀. Pẹ̀lú owó ìrànwọ́ àjọ Rockefeller láti Amẹ́ríkà, wọ́n gba Ògúnmọ́lá àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé fún ìgbà díẹ̀. Ẹ ro ó wò: ẹni tó ti ń sáré owó tíkẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́ wá rí oṣù bíi mélòó kan tí kò ní láti ronú nípa owó mọ́tò. Ó ráyè, ó rí ìtàgé gidi, ó rí iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa, ó sì rí Demas Nwoko, ayàwòrán àti ayàlé tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ojú ìtàgé sọ ìtàn.

Ohun tí wọ́n jọ ṣe ni eré tó kọ́kọ́ jáde ní Arts Theatre Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963. Inú ìwé Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, The Palm-Wine Drinkard, ni wọ́n ti mú ìtàn náà. Ẹ rántí pé nígbà tí ìwé yẹn jáde ní London ní 1952, àwọn òyìnbó yìn ín, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé nílé ń tijú. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wọ́, wọ́n ní ó fẹ́ dójú ti aláwọ̀ dúdú. Ògúnmọ́lá dá ìtàn náà padà sí èdè Yorùbá, ó fi orin àti ìlù sí i, ìtìjú sì di ẹ̀rín. Èdè tí ìtàn náà ti ń bẹ nínú orí Tutùọlá látilẹ̀ ló dá a padà sí.

Ìtàn náà kò le. Láńkẹ́ kò níṣẹ́ méjì ju ẹmu mímu lọ. Adẹ́mu rẹ̀ já lórí ọ̀pẹ, ó kú. Dípò kí Láńkẹ́ wá ẹlòmíràn, ó gbéra lọ sí ìlú àwọn òkú láti lọ mú adẹ́mu rẹ̀ padà wálé. Lójú ọ̀nà, ó bá iwin pàdé, ó bá àwọn abàmì ẹ̀dá pàdé. Ògúnmọ́lá fúnra rẹ̀ ló ṣe Láńkẹ́. Ẹ lè fojú inú wo ó: ọ̀mùtí tí kò fẹ́ gbà pé ohun tó ti lọ ti lọ. Ẹ̀rín ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti sin ẹni tí ẹ fẹ́ràn rí, ẹ ó mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rín nìkan.

Ní báyìí, ìbéèrè wa gan-an ló dé yìí. Eré tí wọ́n fi owó ìrànwọ́ ṣe, tó ní aṣọ àrà àti ohun ìtàgé tó pọ̀, ṣé ó lè bọ́ sójú ọ̀nà kó sì yè? Ọ̀mùtí yè é. Ẹgbẹ́ Ògúnmọ́lá gbé e káàkiri, òun sì ni eré tí gbogbo èèyàn wá fi mọ̀ ọ́n. Ní 1968, Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Áfíríkà ní Ìbàdàn tẹ ọ̀rọ̀ eré náà jáde ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1969, ó wà lára ohun tí Nàìjíríà gbé lọ sí àjọ̀dún àṣà gbogbo Áfíríkà ní Algiers. Tíṣà láti Òkè-Mẹ̀sí gbé ọ̀mùtí Yorùbá dé etí òkun Mẹditaréníà.

Kí ló jẹ́ kó ṣeé ṣe? Lójú tèmi, owó Rockefeller kọ́ ni olórí ìdí. Owó náà ra àkókò fún un, kò ra èrò fún un. Èrò ti wà nílẹ̀. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí àwọn ará ìlú ti mọ ojú rẹ̀, tí wọ́n mọ̀ pé bí mọ́tò Ògúnmọ́lá bá dé, wọn kò ní fi owó wọn jóná. Ẹni tó bá gba ìrànwọ́ lónìí tó sì ná gbogbo rẹ̀ sórí aṣọ àti iná fún alẹ́ mẹ́rin l'Ékòó ti ra ìtàgé, kò tíì ra ojú ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ìtàn náà ní apá tó korò, n kò sì ní fò ó. Nígbà tí orúkọ rẹ̀ ń kàn gan-an ni àìsàn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Ara tó ń sọ gbólóhùn mẹ́ta láìla ẹnu wá di ara tí kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Ó kú ní 1973, kò tíì pé àádọ́ta ọdún. Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn rẹ̀, ní 1978, Dúró Ládiípọ̀ náà kú, òun náà kò tíì pé àádọ́ta.

N kò sọ pé ojú ọ̀nà ló pa wọ́n, n kì í ṣe dókítà. Ohun tí mo ń sọ ni pé orí èèyàn kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ gbogbo ilé náà lé. Ọ̀gá ló ń kọ eré, òun ló ń ṣe olórí òṣèré, òun ló ń kọrin, òun ló ń ṣọ́ owó. Orúkọ rẹ̀ ni orúkọ ẹgbẹ́. Bí ó bá dùbúlẹ̀, mọ́tò dúró. Ọ̀pọ̀ eré ìgbà yẹn kò sí nínú ìwé. Orí àwọn òṣèré ni wọ́n wà, nígbà tí àwọn òṣèré túká, eré túká. Ọ̀mùtí ṣì wà lónìí nítorí pé ẹnìkan jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí òun ṣì wà láàyè.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, iṣẹ́ náà kò kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Owó epo rọ̀bì mú kó gbòòrò sí i, nígbà tó sì fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn ẹgbẹ́ alárìnkiri Yorùbá ti lé ní ọgọ́rùn-ún. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, tó ti ṣe olórí ẹgbẹ́ olórin rí, fi àwàdà kún gbọ̀ngàn láti ìlú dé ìlú. Ohun tó wá pa á ni ọ̀pọ̀ nǹkan tó dé lẹ́ẹ̀kan náà: fíìmù fa àwọn ọ̀gá kúrò lórí ìtàgé, náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ lẹ́yìn SAP ní 1986, adigunjalè sọ ìrìn alẹ́ di ewu, fídíò sì wá gbé eré wọ yàrá ìgbàlejò. Ẹ ṣàkíyèsí pé nínú gbogbo rẹ̀, kò sí èyí tó sọ pé àwọn ará Òǹdó kò fẹ́ rẹ́rìn-ín mọ́.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè náà ni pé bẹ́ẹ̀ ni, ó lè ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe pẹ̀lú irú ìṣirò tí a ń ṣe l'Ékòó. Ìṣirò Èkó ní kí tíkẹ́ẹ̀tì wọ́n, kí ìtàgé tóbi, kí eré pẹ́ ní ibì kan. Ti ojú ọ̀nà ní kí ẹgbẹ́ kéré, kí òṣèré mọ iṣẹ́ méjì mẹ́ta, kí ohun ìtàgé wọ inú bọ́ọ̀sì kan, kí tíkẹ́ẹ̀tì rọjú. Bí ẹ bá nílò jẹnẹrétọ̀ ńlá kí ẹ̀rín yín tó jáde, ẹ̀rín yẹn kò ní dé Ìkàrẹ́. Ní ti ọ̀nà tí kò láàbò lálẹ́, ẹ̀rí ọkàn mi kò ní jẹ́ kí n sọ pé kò sóhun tó ń ṣẹlẹ̀. Eré ọ̀sán ní Yunifásítì àti gbọ̀ngàn ìlú, kí ẹgbẹ́ sùn síbi tí wọ́n ti ṣeré, ìyẹn ló bọ́gbọ́n mu. Ìlú tó ní Yunifásítì kò wọ́n nílẹ̀ Yorùbá mọ́. Ògúnmọ́lá kò ní wọn tó bẹ́ẹ̀; àwa ní wọn.

Nítorí pé òfin ni mo kọ́, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Ẹ má ṣe ìdásílẹ̀ ẹgbẹ́ lórí ẹnu. Ẹ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iléeṣẹ́, kó má jẹ́ orúkọ ẹnìkan ṣoṣo. Ẹ kọ àdéhùn fún òṣèré kọ̀ọ̀kan, pàápàá àwọn obìnrin, kí iṣẹ́ má tún di ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ẹ wá òṣèré tó lè rọ́pò olórí òṣèré, kí ó máa dánra wò láti ọjọ́ kìíní. Ẹ kọ eré sílẹ̀, ẹ gbà á sínú fídíò.

Bó bá sì jẹ́ pé Ọ̀mùtí gan-an lẹ fẹ́ gbé jáde, ẹ má rò pé ó ti di ti gbogbo ayé. Òfin kọ́píráìtì Nàìjíríà ti 2022 fi àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé dáàbò bo iṣẹ́ rẹ̀. Tutùọlá kú ní 1997, èyí tó túmọ̀ sí pé ìwé rẹ̀ ṣì ní olówó títí di ìparí 2067. Iṣẹ́ Ògúnmọ́lá fúnra rẹ̀ di ìparí 2043. Ẹ lọ bá àwọn ẹbí, ẹ gbàṣẹ, ẹ sanwó. Ó máa dùn mọ́ mi bí owó tíkẹ́ẹ̀tì láti Ọ̀wọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ àwọn méjèèjì.

Láńkẹ́ lọ sí ìlú àwọn òkú láti lọ mú adẹ́mu rẹ̀ bọ̀. Àwa kò lè mú Ògúnmọ́lá bọ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa ni ojú ọ̀nà tó fi sílẹ̀, ìlú tó sì wà lójú ọ̀nà náà ti pọ̀ ju ti ayé rẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ fi òṣèré mẹ́wàá, ìlù mẹ́ta àti bọ́ọ̀sì kan dé Òkè-Mẹ̀sí, kí wọ́n jọ̀wọ́ kéde rẹ̀ dáadáa. Èmi á ra tíkẹ́ẹ̀tì.